Ẹran màlúù sísè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún inú búrẹ́dì: bí a ṣe lè ṣe é nílé, bóyá iná wà tàbí kò sí

Oúnjẹ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ilé ló máa ń kó ẹran màlúù sínú ìkòkò oníná mànàmáná kan ní àárọ̀, wọ́n á lọ síbi iṣẹ́, bí wọ́n bá fi máa dé ní ìrọ̀lẹ́, ẹran náà á ti rọ̀ débi pé ṣíbí lásán lè ya á. Wọ́n á wá kó o sínú búrẹ́dì pẹ̀lú omi rẹ̀. Ìkòkò yẹn ni àwọn Faransé ń pè ní mijoteuse.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá ni pé ẹran tó dára jù fún iṣẹ́ náà kì í ṣe ẹran olówó gọbọi. Ẹran líle ni, èyí tó kún fún iṣan, tí àwọn àgbà tí eyín wọn ti ń lọ máa ń yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo fún àwọn ọmọ. Bí a bá mọ̀ ọ́n sè, wọn ò ní nílò eyín púpọ̀ kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe é bó ṣe wù wá, sísè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yìí kan náà lè da inú gbogbo ilé rú, àgàgà ní ibi tí iná ti máa ń lọ láìdágbére. Ẹ má ka apá kan kí ẹ fi apá kejì sílẹ̀.

Ibi tí ó ti wá

Oríṣiríṣi ni búrẹ́dì àti ẹran màlúù ní Amẹ́ríkà. Èyí tí mo fẹ́ mú gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ni ti ìlú Chicago, nítorí pé ìtàn rẹ̀ sún mọ́ ìgbésí ayé tiwa. Ní ọdún 1865, wọ́n ṣí ọjà ẹran ńlá kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Union Stock Yards. Ọkọ̀ ojú irin ló ń kó màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ń pa wọ́n níbẹ̀, wọ́n sì ń kó ẹran náà lọ sí gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọdún 1971 ni wọ́n tó ti ibẹ̀ pa. Àwọn aṣíkiri láti Ítálì wà lára àwọn tó wá ń gbé Chicago nígbà yẹn. Owó wọn ò tó ra ẹran rírọ̀, ẹran líle ni wọ́n ń rà. Wọ́n ń fi áyù, ata àti ewé gbígbẹ sè é díẹ̀díẹ̀ títí ó fi rọ̀, wọ́n á sì gé e pẹlẹbẹ bí ìwé, kí ẹran díẹ̀ lè kárí èrò ìgbéyàwó. Nínú àwọn ọdún 1930, nígbà tí iṣẹ́ wọ́n ní Amẹ́ríkà, oúnjẹ yìí jáde sí ìta, ó di ohun tí wọ́n ń tà. Ilé oúnjẹ Al's, tó sọ pé ọdún 1938 ni òun bẹ̀rẹ̀, ṣì ń tà á títí di òní.

(Chicago yìí kan náà ni ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń sọ Faransé, Jean Baptiste Pointe du Sable, tẹ̀dó sí ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, òun sì ni wọ́n kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó fi ibẹ̀ ṣe ilé nínú àwọn tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. A máa kọ ìtàn yẹn ní ọjọ́ mìíràn.)

Ẹ̀rọ ni àwọn tó ń tà á fi ń gé ẹran wọn. Nílé, kò sí ẹ̀rọ. Torí náà, àwọn tó ń sè é nílé máa ń jẹ́ kó rọ̀ kọjá ti ọlọ́jà, wọ́n á fi fọ́ọ̀kì méjì fà á ya. Irú ti ilé yìí ni a máa sè.

Ìkòkò tí kì í sáré

Ará Chicago náà ni ẹni tó ṣe mijoteuse. Irving Naxon ni orúkọ rẹ̀, Júù ni. Ó máa ń gbọ́ nínú ẹbí rẹ̀ nípa oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní cholent, tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń jẹ ní Lithuania. Òfin ẹ̀sìn àwọn Júù kò gbà kí wọ́n dá iná ní ọjọ́ Ìsinmi. Kí oòrùn ọjọ́ Ẹtì tó wọ̀, wọ́n á ti gbé ìkòkò ẹ̀wà àti ẹran lọ sọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì, ooru tó kù nínú ààrò rẹ̀ á sì sè é di ọjọ́ kejì. Naxon rò pé òun lè fi iná mànàmáná ṣe irú ààrò bẹ́ẹ̀ ní kékeré. Ní 1940 ló gba ìwé àṣẹ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe nǹkan náà. Ẹ̀wà ló kọ́kọ́ ní lọ́kàn, kì í ṣe ẹran. Ilé iṣẹ́ Rival ra iṣẹ́ rẹ̀ ní 1970, wọ́n tún ìkòkò náà ṣe, wọ́n sì gbé e jáde ní 1971 pẹ̀lú orúkọ Crock-Pot. Orúkọ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń pè é ní Amẹ́ríkà di òní.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le yé èèyàn. Ìkòkò tánganran tó nípọn wà nínú àpò irin, wáyà tó ń gbóná wà lára àpò irin náà, ìdérí sì wà lórí. Nítorí pé tánganran nípọn, ooru kì í sáré wọlé, kì í sì í sáré jáde. Ó ní ìwọ̀n méjì pàtàkì, kékeré àti ńlá. Ìkẹta, tó jẹ́ ti ìmúgbóná, kì í se oúnjẹ tútù jinná rárá, àfi kó jẹ́ kí èyí tó ti jinná má tutù. Láàárín 150 sí 300 wátì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò: bí tiyín bá ń lo 200 wátì, tó sì ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8, 200 lọ́nà 8 jẹ́ 1600, ìyẹn kilowatt-heure 1,6. Ẹ wo iye tí wọ́n kọ sórí ìwé owó iná yín fún kilowatt-heure kan, ẹ sọ ọ́ di owó, kí ẹ tó pinnu bóyá ó sàn ju èédú lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà, ẹ tẹ́tí o. Iná 120 fóòtì ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, tiwa sì jẹ́ 220. Ìkòkò tó ti Amẹ́ríkà wá, bí ẹ bá kì í bọ iná ilé yín tààrà, ó máa jó. Ẹ yí ìdí ìkòkò náà wò kí ẹ tó fi sí iná. Bí ẹ bá rí «120 V» nìkan, ó nílò transformateur tó lè gbé wátì rẹ̀, owó transformateur yẹn sì lè tó owó ìkòkò tuntun. Èyí tó ti ilẹ̀ Faransé wá kò ní wàhálà. Èyí tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá bá fóòtì wa mu, ẹnu wáyà rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀.

Ẹran wo ni ká rà?

Níbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà. Wọ́n á rò pé bí ẹran bá ṣe wọ́n tó ni á ṣe dùn tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún oúnjẹ yìí. Ẹran ẹ̀yìn màlúù, filet tí àwọn onílé ìtura ń wá kiri, á gbẹ ni bí ẹ bá sè é fún wákàtí 8, á dà bí owú òwú lẹ́nu. Ẹran ibi tí màlúù ti ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ béèrè: èjìká, èyí tí wọ́n ń pè ní paleron tàbí macreuse, ọrùn, àyà, àti ojúgun, ìyẹn jarret. Màlúù tiwa ń rìn púpọ̀. Èyí tí àwọn Fúlàní dà láti òkè wá ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ wọn ilẹ̀ jìnnà, nítorí náà ẹran wọn le ju ti màlúù Amẹ́ríkà tí wọ́n sé mọ́ inú ọgbà tí wọ́n ń fún ní àgbàdo. Ẹ fi wákàtí kan tàbí méjì kún ohunkóhun tí ẹ bá kà nínú ìwé àwọn òyìnbó.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ alápatà, ẹ wo ẹran náà dáadáa. Ẹ ó rí àwọn okùn funfun tó ń dán tó la àárín ẹran kọjá. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ní kí ó gé wọn kúrò. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Okùn funfun yìí ni collagène wà nínú rẹ̀. Collagène ló ń di ẹran mọ́ra wọn nígbà tí màlúù wà láàyè, òun ló sì ń jẹ́ kí ẹran le lẹ́nu. Bí ooru bá wọ̀ ọ́ lára kọjá nǹkan bí dígírì 70, tí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ pẹ̀lú omi, á yọ́ di gélatine, ohun kan náà tó ń mú omi bòkótò le mọ́ ṣíbí bí ó bá tutù. Gélatine yìí á wọ inú ẹran, á mú un rọ̀, á sì mú omi rẹ̀ ki. Iná ńlá ò lè fi agbára ṣe iṣẹ́ yìí, torí omi tó ń hó pàrà kò lè gbóná ju dígírì 100 lọ, bó ti wù kí ẹ kó igi sí i tó. Ohun tí iná ńlá ń ṣe ni pé ó ń fún omi jáde lára ẹran kí collagène tó yọ́ tán. Ìdí nìyẹn tí ẹran fi máa ń le síwájú kó tó rọ̀, tí èèyàn á tọ́ ọ wò lẹ́yìn wákàtí kan, tí á ní «màlúù yìí ti gbó jù», tí á sì gbé e sọ̀kalẹ̀. Kò gbó jù, àkókò rẹ̀ ni kò tíì tó.

Fún èèyàn 10, ẹ ra kílò kan ààbọ̀ ẹran láìsí eegun. Á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdá kan nínú mẹ́ta fúyẹ́ bó bá jinná, tó fi jẹ́ pé ẹni kọ̀ọ̀kan á rí nǹkan bí 100 giráàmù. Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ amóhuntutù, àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n pa màlúù náà gan-an ni kí ẹ rà á, kí ẹ sì gbé e kaná lọ́gán tí ẹ bá dé ilé.

Sísè rẹ̀ nínú mijoteuse

Ẹ gé ẹran sí ọ̀nà mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìkúùkù àgbàlagbà méjì. Ẹ fi iyọ̀ àti poivre pa á lára. Ẹ fi òróró díẹ̀ sínú ìkòkò irin lórí iná, kí ẹ yan ẹran náà títí ara rẹ̀ á fi pọ́n dúdú díẹ̀ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Èèyàn lè fo èyí, oúnjẹ á ṣì jẹ́ oúnjẹ, ṣùgbọ́n èmi ò ní fò ó, torí mijoteuse kò lè fún ẹran ní òórùn yíyan yẹn láéláé. Àlùbọ́sà méjì, áyù eyín mẹ́fà, ata tútù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ewé laurier méjì, vinaigre ṣíbí ìjẹun méjì. Àwọn ará Chicago máa ń fi origan gbígbẹ sí i. Bí ẹ ò bá rí i, ewé ẹfinrin díẹ̀ dára púpọ̀, adùn rẹ̀ á yàtọ̀ ni. Tòmátì kò sí nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín láti fi sí i, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi tòmátì sí i, ọbẹ̀ ni ẹ ń sè yẹn.

Ẹ da ààbọ̀ lítà omi gbígbóná sí i. Ó tó. Ìkòkò yìí kì í jẹ́ kí ooru jáde, nítorí náà omi ò ní gbẹ, ńṣe ló máa pọ̀ sí i láti ara ẹran. Kí oúnjẹ náà gba ìdajì ìkòkò ó kéré tán, kó má sì kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ẹran tó ti dì bí yìnyín kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó yọ́ tán nínú ẹ̀rọ amóhuntutù kí ẹ tó sè é. Lórí ìwọ̀n kékeré, wákàtí 8 sí 10. Lórí ìwọ̀n ńlá, wákàtí 5 sí 6. Ẹ má máa ṣí i wò. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí ìdérí, ìṣẹ́jú 20 sí 30 ni ẹ fi kún àkókò rẹ̀.

Bí iná bá lọ ńkọ́? Bí ẹ bá wà nílé, tí ẹran ò sì tíì jinná, ẹ má dúró de iná. Ẹ dà á sínú ìkòkò irin, ẹ gbé e sórí gáàsì tàbí èédú lójú ẹsẹ̀, kí ẹ parí rẹ̀ níbẹ̀. Bó bá ti jinná tán kí iná tó lọ, ẹ ní wákàtí méjì láti jẹ ẹ́ tàbí láti gbé e kaná padà. Bí ẹ ò bá sí nílé, tí ẹ dé tí ẹ rí i pé iná ti lọ ó sì ti padà, tí ẹ ò mọ ìgbà tó lọ àti iye àkókò tó fi lọ, ẹ dà á nù. Ó dunni, mo mọ̀. Nítorí èyí, èrò tèmi ni pé ẹni tó ń gbé ibi tí iná ti máa ń lọ kò gbọ́dọ̀ fi mijoteuse sílẹ̀ láìsí ẹnikẹ́ni nílé, bí àwọn òyìnbó ti ń ṣe.

Sísè rẹ̀ láìsí iná mànàmáná

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni àdògán àti èédú. Ẹ lo ìkòkò irin tó wúwo, kí ìdérí rẹ̀ ṣe mọ́ra dáadáa, kí ẹ fi òkúta mímọ́ kan tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn tí ó bá ti hó, ẹ fa èédú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi eérú bo ìyókù díẹ̀, títí omi inú ìkòkò á fi máa rú díẹ̀díẹ̀, tí kò hó pàrà. Wákàtí 4 sí 5 ni. Ẹ máa wo omi rẹ̀, torí ti àdògán máa ń gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ìta tàbí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ni kí àdògán wà. Èédú tó ń jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ eérú ní èéfín kan tí kò ní òórùn, tí ojú kì í rí, monoxyde de carbone ni orúkọ rẹ̀. Ó ń pa èèyàn lójú oorun nínú yàrá tí wọ́n tì pa. Ẹ kò gbọ́dọ̀ gbé e wọ yàrá nítorí òjò tàbí nítorí olè.

Ọ̀nà kejì ni èyí tó wù mí jù, torí pé ó ń dín èédú kù: marmite norvégienne. Ní 1867, nígbà tí wọ́n ṣe Exposition universelle ní Paris, ará Nọ́wè kan tó ń jẹ́ Johan Sørensen gbé àpótí kan wá síbẹ̀ tí wọ́n fi nǹkan rírọ̀ tẹ́ inú rẹ̀. Ìkòkò tó ti hó ni wọ́n ń gbé sínú rẹ̀, wọ́n á dé e, oúnjẹ á sì máa jinná lọ láìsí iná kankan lábẹ́ rẹ̀. Orúkọ tí àwọn Faransé fi ń pè é ti ibẹ̀ wá. Kò sí oògùn níbẹ̀. Ooru tí ẹ ti san owó rẹ̀ ni ẹ kò jẹ́ kó sá lọ.

Ẹ wá agbọ̀n ńlá kan tàbí páálí tó lágbára. Ẹ fi koríko gbígbẹ, èèpo ìrẹsì, òwú tàbí àkísà tẹ́ ìsàlẹ̀ àti gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ fi àyè ìkòkò sílẹ̀ láàárín. Ẹ rán ìrọ̀rí kan tí ẹ kó nǹkan kan náà sínú rẹ̀, òun ló máa bo orí ìkòkò. Glacière tí àwọn obìnrin fi ń ta omi tútù dára bẹ́ẹ̀ náà, torí ohun tí kì í jẹ́ kí ooru wọlé kì í jẹ́ kí ooru jáde. Ṣùgbọ́n ẹ fi aṣọ tó nípọn di ìkòkò náà ná, kí ìdí rẹ̀ má bàa yọ́ ara glacière.

Ìkòkò náà gbọ́dọ̀ tó lítà 5, kó sì kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, torí oúnjẹ kékeré máa ń tètè tutù. Nítorí náà, omi ibí yìí pọ̀ ju ti mijoteuse lọ: ẹ bu omi títí á fi bo ẹran, kí ẹ gé ẹran náà kéékèèké ju ti ìṣáájú lọ, ìkúùkù kan péré. Ẹ jẹ́ ká sọ pé aago 8 àárọ̀ ni ẹ gbé e kaná. Lẹ́yìn tí ó bá ti hó, ẹ jẹ́ kó máa hó fún ìṣẹ́jú 30 gbáko pẹ̀lú ìdérí lórí. Ẹ má ṣí i mọ́. Ẹ gbé e wọ inú agbọ̀n lọ́gán, ẹ fi ìrọ̀rí bò ó, ẹ lọ sí oko tàbí sí ọjà. Lẹ́yìn wákàtí 3, ẹ gbé e jáde, ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ dá a padà. Lẹ́yìn wákàtí 3 mìíràn, ẹ tún jẹ́ kó hó, kí ẹ sì fi fọ́ọ̀kì dán an wò. Bí fọ́ọ̀kì bá yí lọ yí bọ̀ nínú rẹ̀ láìsí ìjà, ó ti tó. Gbogbo iná tí ẹ dá kò ju wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì lọ.

Ẹ wo ìkòkò náà dáadáa nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣí i. Èéfín gbígbóná gbọ́dọ̀ tú jáde, ara ìkòkò sì gbọ́dọ̀ jó ọwọ́. Bó bá jẹ́ pé ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, agbọ̀n yín kò nípọn tó. Ẹ má jẹ ẹran yẹn, kí ẹ sì tún agbọ̀n náà ṣe kí ẹ tó tún dán an wò.

Ewu tó wà nínú lílọ́ wọ́ọ́rọ́

Láàárín dígírì 5 àti 60, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń wà nínú ẹran ń pọ̀ sí i. Kò sí oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn tó omi ẹran tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọ̀kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Clostridium perfringens. Bó bá rí i pé ooru fẹ́ pa òun, á wọ inú èèpo líle kan bí irúgbìn, omi híhó kì í sì í fọ́ èèpo yẹn nígbà gbogbo. Nígbà tí ìkòkò bá wá ń tutù díẹ̀díẹ̀, á jáde, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí kíákíá. Ẹni tó bá jẹ irú ẹran bẹ́ẹ̀, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru á mú un láàárín wákàtí 6 sí 24. Àgbàlagbà tó lágbára á bọ́ nínú rẹ̀. Ọmọ kékeré àti arúgbó lè gbẹ tán nínú ara.

«Màá kàn tún un gbé kaná ni.» Ọ̀rọ̀ yẹn wọ́pọ̀ lẹ́nu wa, òótọ́ sì wà nínú rẹ̀ ní ìwọ̀nba. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò mìíràn wà, bíi Staphylococcus tó máa ń wà lára awọ ọwọ́ wa àti nínú imú, tó ń fi májèlé sílẹ̀ nínú oúnjẹ. Híhó á pa kòkòrò náà. Kò ní ba májèlé rẹ̀ jẹ́. Ọwọ́ la fi ń fa ẹran ya, ìgbà yẹn gan-an ló sì máa ń wọlé. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ lo fọ́ọ̀kì, kí ẹni tó ní egbò lọ́wọ́ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Mo fẹ́ kí àwọn ìyá wa tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ka ibí yìí, tàbí kí ọmọ kan kà á fún wọn. Ẹran tí a ti fà ya ní aago 6 àárọ̀, tí a kó sínú ike onídèérí, tí a ń tà títí di aago 2 ọ̀sán, wákàtí 8 ló fi wà nínú ooru tí àwọn kòkòrò yìí ń fẹ́. Ike náà kì í jẹ́ kó gbóná tó, kì í sì í jẹ́ kó tutù. Ẹ jẹ́ kí ẹran wà nínú omi rẹ̀, nínú ìkòkò, lórí èédú díẹ̀, kó máa yọ èéfín títí tí ẹ ó fi tà á tán. Èyí tí ẹ bá fẹ́ la búrẹ́dì fún nìkan ni kí ẹ máa bù. Ẹran á tún dùn sí i bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò ní gbẹ.

Èyí tó bá kù nílé, ẹ kó o sínú àwo tó fẹ̀ tí kò jìn, kó lè tètè tutù, kó sì wọ ẹ̀rọ amóhuntutù kí wákàtí méjì tó pé. Á lè lò tó ọjọ́ 3. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ jẹ́ kó hó lórí iná. Mijoteuse kì í mú oúnjẹ tútù gbóná kíákíá tó. Bí ẹ ò bá ní ẹ̀rọ amóhuntutù, ìwọ̀n tí ilé máa jẹ tán ní ọjọ́ kan ni kí ẹ sè.

Ọ̀rọ̀ kan lórí ẹ̀wà, torí mo mọ̀ pé ẹni tó bá ní mijoteuse á fẹ́ dán an wò. Haricot rouge, èyí tó tóbi tó sì rí bí kíndìnrín, ní májèlé kan nínú tí ìwọ̀n kékeré mijoteuse kì í ba jẹ́. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún wákàtí 5, ẹ da omi náà nù, ẹ sè é lórí iná gidi kó hó fún ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán, kó tó wọ mijoteuse.

Búrẹ́dì àti jíjẹ rẹ̀

Búrẹ́dì Chicago gùn, ó le díẹ̀ ní ìta, inú rẹ̀ sì ki, tó fi jẹ́ pé wọ́n lè tẹ gbogbo rẹ̀ bọ omi ẹran kó má já. Baguette tiwa fúyẹ́, afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ bọ omi, ẹ ó máa fi ìka ṣa á nínú àwo. Ẹ là á sí méjì, ẹ yan inú rẹ̀ lórí èédú títí á fi pọ́n díẹ̀, ẹ kó ẹran sí i, kí ẹ wá fi ṣíbí bu omi ẹran méjì tàbí mẹ́ta lé e lórí. Búrẹ́dì àná dára ju ti òní lọ fún èyí.

Ohun kíkan ni wọ́n máa ń fi sí orí rẹ̀ lọ́hùn-ún, giardiniera, ìyẹn ata, kárọ́ọ̀tì àti ewébẹ̀ mìíràn tí wọ́n rẹ sínú vinaigre. Nílé, ẹ gé kárọ́ọ̀tì, àlùbọ́sà àti ata tútù wẹ́wẹ́, ẹ fi omi mímọ́ fọ̀ wọ́n dáadáa, ẹ fi iyọ̀ sí i, kí ẹ da vinaigre lé e lórí ní wákàtí kan kí ẹ tó jẹun. Ẹran náà lọ́ràá, kíkan yẹn ló máa ń gé ọ̀rá rẹ̀. Moutarde náà dára. Mayonnaise kò yẹ ẹ́ rárá lójú tèmi, àmọ́ àwọn ọmọ ò ní gbà.

Omi ẹran tó bá ṣẹ́kù, ẹ má dà á nù. Bó bá tutù, ọ̀rá á dì sókè, ẹ fi ṣíbí ká a kúrò, ẹ ó sì rí omi tó ki bí ògì lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi se ìrẹsì, tàbí kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ọbẹ̀ ilá ní ọjọ́ kejì. Ẹ má tíì fi iyọ̀ sí i kí ẹ tó tọ́ ọ wò.